Ìràwọ̀ Márùn-ún Tí Mo Fún Ètò Tó La Igi Ìdílé Chan

Bí ẹ bá ń wá ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ ọnà kí ẹ̀rọ tó gbẹ́ ẹ sára pákó, tí ẹ sì rí fọ́tò bàbá kan tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò náà gbọ́. Èmi ni bàbá yẹn. Irọ́ ni mo pa síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń pa á.

Lo Chin-huo ni orúkọ mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Fengyuan, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìgégi, kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sinmi. Dongshi ni mò ń gbé, láàárín àwọn oko píà, èso olómi dídùn. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra ẹ̀rọ kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ilé, irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí ọ̀bẹ rẹ̀. Mi ò fi ṣòwò. Eré ọwọ́ lásán ni.

Ìyàwó mi, Yueh-chiao, tó ń fi orúkọ ọmọ wa pè mí, kò yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Wen, àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbé ọmọ-ọmọ, ẹ̀yin ń gbé eruku."

Àwa tí a ní irú ẹ̀rọ yìí ní gúrúùpù kan lórí fóònù. A lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ohun tí a fi ń ṣe ara wa lóore ni pé ẹni tó bá lo ètò kan á wá sọ bó ṣe bá a: èyí yá, èyí ń fa wàhálà, èyí kò mọ lẹ́tà àtijọ́ kà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara wa la fi ń rajà. Ẹni tí àgbéyẹ̀wò rẹ̀ bá jinlẹ̀, Ọ̀gá ni wọn yóò máa pè é.

Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní Ọ̀gá. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ní ilé iṣẹ́, ní ọdún méjì tó gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ló ń pàṣẹ fún mi. Nígbà tí mo sì kúrò, kò sí ẹnì kankan tó pè mí láti béèrè nǹkan kan, ì báà ṣe ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ètò tuntun kan jáde. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo tún ń polówó. Ó dára lójú, ó yá, kò sì le. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀ kí iṣẹ́ lè tètè parí. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbé pákó olówó pọ́ọ́kú sórí ẹ̀rọ, mo ní kó gbẹ́ ọ̀rọ̀ méjì fún mi.

Ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ kìíní tán. Ó yẹ kó gbéra sókè kó tó kọjá sí ìkejì. Kò gbéra. Ó wọ́ ara rẹ̀ gba inú igi kọjá, ó sì dá ọgbẹ́ jíjìn sí àárín pákó. Lójú kọ̀ǹpútà, ó gbéra. Mo dán an wò nígbà mẹ́jọ, mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ wa, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́, ohun tó bà á jẹ́ àti orúkọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn títí dòní. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fi wọ́n ti ògiri. A kì í sọ irú pákó bẹ́ẹ̀ nù. A máa ń tẹ́ ẹ sábẹ́ iṣẹ́ gidi kí ọ̀bẹ má baà dé orí tábìlì.

Mo kọ àgbéyẹ̀wò mi, mo fi ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yẹn sí i, ìlà mẹ́rin péré. Kí n tó gbé e jáde, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ètò náà kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò tún ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan pè mí. Yeh ló ń jẹ́, òun ló ń bá wọn tajà.

"Ọ̀gá Lo! Ẹ mà kú iṣẹ́ o. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń ka ọ̀rọ̀ yín, sà. Wọ́n ní ta ni bàbá yìí?"

"Ẹ ti rí ti ọ̀bẹ tí kì í gbéra?"

"A ti rí i, sà. Wọ́n ti ń tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti tán. Àmọ́ ẹ wò ó, sà: bí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí, tá a bá wá tún un ṣe tán, ṣé ọ̀rọ̀ yín ò ní wá di irọ́?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu yín mú ju ọ̀bẹ yín lọ."

"Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa. Ọ̀gá wa tiẹ̀ ní kí n bi yín, ṣé a lè gbé fọ́tò yín síwájú? Àgbà Olùdánwò la fẹ́ máa pè yín. Ẹ ó máa lo ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé. Bá a bá sì ṣe ìpàtẹ ní Taipei, ẹ̀yin lẹ máa dúró nídìí ẹ̀rọ, tí àwọn èèyàn á máa wá bi yín ní ìbéèrè."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò. Kí ni mo fẹ́ rò? Mo ti rò ó tán kó tó dákẹ́. Ibi tó ti ní àwọn èèyàn á máa wá bi mí ní ìbéèrè ló ti mú mi.

Mo pa ìlà mẹ́rin yẹn rẹ́. Mo fún ètò náà ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Mo ti dán an wò dáadáa. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Yueh-chiao kà á lórí fóònù rẹ̀. "Ṣé ètò tí ẹ ń ṣépè fún lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí?"

"Wọ́n ti ń tún un ṣe."

"Wọ́n ti ń tún un ṣe, àbí wọ́n ti tún un ṣe?"

"O ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ, jọ̀ọ́."

"Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Irọ́ ni mo mọ̀, mo ti ń bá yín gbé láti ọjọ́ pípẹ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù méjì kọjá, wọn kò tún nǹkan kan ṣe. Àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ọ̀gá Lo, nítorí yín la ṣe rà á. Ọ̀gá Lo, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Mò ń kà wọ́n nídìí tíì lówùúrọ̀, inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Ẹ̀gbin pátápátá.

Chan Yun-tien náà rà á.

Àgbẹ̀ píà ni Yun-tien, oko rẹ̀ kò jìnnà sí ilé mi. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jọ ń jìyà, la ti jọ ń jẹun. Èmi ni mo fi ẹ̀rọ hàn án tó fi ra tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1999, ilé àwọn babańlá wọn wó lulẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ sì kú sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Igi àjà kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ rí yọ nínú àlàpà náà, igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní sípírẹ́sì, ó sì là á sí pákó. Nígbà tí bàbá kú, Yun-tien fi ọ̀rá wé pákó náà, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó lé ní ogún ọdún tó fi wà níbẹ̀.

Ní ọdún yìí ni àwọn ìdílé Chan tó parí ìjà ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngán tuntun tí wọn yóò ti máa bọlá fún àwọn babańlá wọn. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìṣílé láti inú kàlẹ́ńdà tí a fi ń wá ọjọ́ ire, ọjọ́ tí a ti mú báyẹn kì í sì í yẹ̀. Yun-tien tọrọ ohun kan péré lọ́wọ́ ẹbí: kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun gbẹ́ orúkọ gbọ̀ngán náà, ọ̀rọ̀ ńlá mẹ́ta, sára pákó yẹn, kí òun sì gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà.

Ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ. Ó tú ọ̀rá náà. "Gbóòórùn ẹ̀."

Mo gbé imú sún mọ́ ọn. Òórùn náà ṣì wà níbẹ̀, tútù, dídùn, bí ẹni pé àná ni wọ́n gé igi náà.

"Bàbá Àgbà wa ní kí n dúró kí oṣù àwọn òkú kọjá," ni Yun-tien wí. Àgbà ìdílé wọn ló ń sọ, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún; oṣù tí a gbà pé àwọn òkú ń padà wá bẹ ilé wò ló sì ń tọ́ka sí. "Ó ní a kì í fi irin kan igi òkú lóṣù yìí. Àmọ́ bí mo bá dúró, ọ̀dà tí mo máa fi kùn ún kò ní gbẹ kó tó dọjọ́ ìṣílé. Chin-huo, ọ̀kan ṣoṣo ni pákó yìí o. Ṣé kí n fi ètò yẹn ṣe é?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó bi mí. Kì í ṣe pé ó kà á lórí fóònù nìkan. Ó dúró níwájú mi, ó gbé igi ilé tó wó pa ìyá bàbá rẹ̀ dání, ó sì bi mí.

Ohun tí mo ní kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: má ṣe tẹ ibi tó ń mú iṣẹ́ yá yẹn. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, yóò bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ ọ́. Ìpàtẹ Taipei sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Lò ó," ni mo wí. "Fọkàn balẹ̀."

Ọ̀sán Sátidé ni fóònù mi dún.

"Chin-huo." Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò gbéra. Ó gbẹ́ ọ̀rọ̀ kìíní tán, kò gbéra, ó wọ́ gba àárín pákó kọjá. Igi yẹn ti gbẹ jù, ibi tó gbà yẹn náà ló ti là. Ó là láti orí dé ìdí, Chin-huo."

Àyè ṣì wà fún òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wo ohun tó ti ẹnu mi jáde.

"Ṣé o dì í mú dáadáa?"

"Mo dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó o ṣe kọ́ mi."

"Ẹ̀rọ tìẹ yẹn, olówó pọ́ọ́kú ni. Nǹkan kan lè ti tú níbẹ̀."

"Èmi ni mo bà á jẹ́ nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì mọ́ ọn ni."

Ó ní, "Ó dáa."

Ó gbé fọ́tò pákó náà sórí gúrúùpù, ó ń béèrè bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn rí. Wọ́n dà bò ó.

"Bàbá olóko, ṣé ẹ rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sóko ni?"

"Ètò tí Ọ̀gá Lo fún ní ìràwọ̀ márùn-ún? Ẹ lọ yẹ ọwọ́ ara yín wò."

Ọkùnrin kan láti Hualien kọ ọ́ pé: "Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ẹ̀bi mi ni." Kíá ni ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ẹ̀bi rẹ̀ ni lóòótọ́, ọkùnrin náà sì panu mọ́.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ọ̀gá Lo dà? Kí Ọ̀gá Lo wá bá wa dá sí i.

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun yìí ni mo fi kọ ọ́: "Oṣù márùn-ún ni mo ti ń lo ètò yìí. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tí ẹ fi di pákó mú wò."

Yun-tien fèsì pé: "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Màá yẹ̀ ẹ́ wò."

Yeh fi àwòrán ehoro kan tó ń jó ránṣẹ́ sí mi. "Ọ̀gá Lo, èèyàn wa tòótọ́!" Mo wo ehoro yẹn títí tí ojú fi tì mí. Síbẹ̀, mo fi àwòrán àtàǹpàkò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé Yun-tien kò rọgbọ lọ́jọ́ náà. Bàbá Àgbà wọn sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé: "Mo kìlọ̀ fún ọ. Lóṣù àwọn òkú, o lọ ń fi irin họ igi àwọn baba rẹ. Àwọn ló fi ọwọ́ ara wọn là á." Wọ́n sì gbà á gbọ́. Àbí ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀bi, ètò kò ní ẹ̀bi, Ọ̀gá Lo ti sọ̀rọ̀. Ó ku òkú àti Yun-tien.

Nígbà tí mo gbọ́, ẹ wo ìwà ìríra: ara tù mí díẹ̀. Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ àwọn òkú.

Lọ́jọ́ kẹta, ó wá sí ilé mi. Ó gbé àpò píà kan dání, nítorí Yun-tien kì í wá lọ́wọ́ òfo. Yueh-chiao gbà á, ó jókòó ti àga, ó ń bó wọn.

"Chin-huo, mo fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́," ni Yun-tien wí. "Bóyá bí mo bá lẹ̀ ẹ́, tí mo fá ojú rẹ̀, ó ṣì lè ṣe nǹkan. Yá mi ní pákó àlòkù kan tí mo lè tẹ́ sábẹ́ ẹ̀."

"Mú èyí tó bá wù ọ́," ni mo wí. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, mò ń fọ̀ ọ́ fún ìpàtẹ. Mi ò tiẹ̀ yíjú.

Mo gbọ́ tó ń yẹ àwọn pákó tó wà lára ògiri wò. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo yíjú, ó ti gbé pákó kan dání. Ó ń fi ìka tọ ọgbẹ́ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, láti apá kan dé ìkejì. Ó yí i padà. Ó kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

"'Oṣù kẹta, ọjọ́ kọkàndínlógún. Ọ̀bẹ kò gbéra láàárín ọ̀rọ̀ kìíní àti ìkejì. Ẹ̀bi ètò ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Lo.'"

Ó gbé ìkejì. Ó kà á. Ó gbé ìkẹta.

"Ọwọ́ ta ni mò ń kà yìí?"

"Yun-tien, gbọ́ mi ná..."

"Mo ní ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Oṣù kẹrin lo ní ká fọkàn balẹ̀. O ti mọ̀ nígbà náà."

"Wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe."

"Mo gbé igi náà wá fún ọ níbí yìí. O gbóòórùn ẹ̀. O mọ̀, àbí o ò mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Yueh-chiao ti gbé ọ̀bẹ ìbópíà kalẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó rí kòkòrò nínú oúnjẹ.

Mo rò pé Yun-tien máa lù mí. Ì bá sàn kó lù mí. Ó rọra to pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sára ògiri, ọgbẹ́ wọn kọjú síta.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá bàbá mi," ni ó wí. "Mò ń sun tùràrí, mò ń sọ pé ọwọ́ mi ni, ẹ má bínú. Ìwọ lo jẹ́ kí n parọ́ fún òkú."

Ó jáde. Kò mú pákó kankan. Yueh-chiao sáré tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó padà wọlé, ó kó gbogbo píà yẹn sínú abọ́, ó gbé e sókè kúrò lọ́dọ̀ mi. "Ẹ má jẹ ẹ́," ni ó wí.

Mo kọ òótọ́ sórí gúrúùpù ní ọjọ́ náà, mo ya fọ́tò ẹ̀yìn pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, mo sì ní mi ò lọ sí ìpàtẹ mọ́. Mo rò pé wọ́n á bú mi, kí ara sì tù mí. Àwọn kan bú mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù sọ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ti fún mi ní nǹkan, pé ẹni tó ń torí owó yí ohùn padà ni mí. Ẹyin lohùn, èyí tí mo jẹ́ kó balẹ̀ ti fọ́, mo wá ń ṣa èèpo rẹ̀ kiri.

Mo lọ bá Bàbá Àgbà ìdílé Chan. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ fún un pé Yun-tien kò mọwọ́mẹsẹ̀, pé èmi ni.

"Ọmọ, ṣé igi náà máa so pọ̀?"

"Rárá, sà."

"Dìde. O ń dí ọ̀nà."

Ọjọ́ ìṣílé pé. Pátákó tí wọ́n rà ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n gbé kọ́, góòlù rẹ̀ ń dán bí ọ̀rá súwíìtì, àbúrò Yun-tien tó wá láti Taipei ni wọ́n sì ní kó gbé e gun àkàbà. Yueh-chiao lọ. Wọ́n béèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní ẹ̀ ń ṣàìsàn."

"Yun-tien ńkọ́?"

"Ó ń pín tíì fún àwọn àlejò. Kò bi mí nípa yín."

Mo pe Yeh pé kí wọ́n yọ àgbéyẹ̀wò mi kúrò. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. "Áà, Ọ̀gá Lo, kò ṣeé yọ mọ́ o. Ó ti wà nínú ìpolówó wa níbi gbogbo. Àgbéyẹ̀wò yín ló ń tajà jù, sà!"

Nítorí náà, ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Àwọn èèyàn tí wọ́n rí fọ́tò yẹn ṣì ń kọ̀wé sí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má rà á, mo sì ń sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Yilan. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ku pákó tábìlì kan tí ọkùnrin náà kò rí kàn parí, ó sì fẹ́ gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ó ní òun ti ka àgbéyẹ̀wò mi lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn òun sì balẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ètò yẹn kan pákó náà.

"Ọ̀gá Lo, ẹ má bínú," ni ó kọ. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ tún ní kí n má rà á. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?"

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé rẹ̀ ti wà níwájú mi.